Malta, Kírétè tàbí Sísílì: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ náwó lé?

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì dé orí 27 àti 28 ti fojú inú dé erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kó tó gba físà. Ẹ̀bá Kírétè ni ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ń gbà lọ nígbà tí ìjì gbé e. Mélítà, tí í ṣe Malta òní, ni ọkọ̀ náà fọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn, Sírákúsì ní Sísílì sì ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Lóde òní, bàálù ló ń gbé wa lọ, ìbéèrè tó sì kù ni pé èwo lèèyàn máa yàn.

Fọ́tò kò lè dáhùn ìyẹn fún yín. Omi tó mọ́ gaara débi tẹ́ ẹ fi ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín wà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oòrùn wà, àwókù àtijọ́ wà, oúnjẹ náà wà. Ohun tó máa ń ba ìrìn àjò jẹ́ ni kí ọjọ́ má gba ibi tẹ́ ẹ yàn, tàbí kí ẹni tí kò wa mọ́tò lọ há síbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Nítorí náà, iye ọjọ́ àti mọ́tò la ó fi ṣe òṣùwọ̀n jù.

Ìdáhùn kúkúrú rèé fẹ́ni tó ń kánjú. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wa mọ́tò, ẹ mú Malta. Bó bá jẹ́ òkun gan-an lẹ bá wá, tẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, tẹ́ ẹ sì máa háyà mọ́tò, Kírétè ni. Bó bá jẹ́ ẹnu ló gbé yín rìn, ẹ kọjá sí Sísílì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀.

| | Malta | Kírétè | Sísílì |
|---|---|---|---|
| Ìtóbi (kìlómítà níbùú lóròó) | 316, pẹ̀lú àwọn erékùṣù kékeré Gozo àti Comino | bíi 8,300 | bíi 25,700 |
| Orílẹ̀-èdè | Malta fúnra rẹ̀ | Gíríìsì | Ítálì |
| Pápákọ̀ òfurufú | Luqa nìkan | Heraklion, Chania, àti Sitia kékeré | Catania, Palermo, Trapani, Comiso |
| Ọwọ́ tí wọ́n ń wakọ̀ sí | òsì | ọ̀tún | ọ̀tún |
| Sókẹ́ẹ̀tì iná | oníhò mẹ́ta, bíi tilé | oníhò róbótó méjì | oníhò róbótó, méjì tàbí mẹ́ta |
| Èdè Gẹ̀ẹ́sì | gbogbo ibi, èdè ìjọba ni | níbi tí àlejò pọ̀ sí | ó mọ níwọ̀n |
| Ọjọ́ tó kéré jù | 4 | 7 | 7, fún apá kan ṣoṣo |

Ìtóbi ló ń tan èèyàn jẹ

Erékùṣù ńlá Malta kò ju nǹkan bíi kìlómítà 27 lọ ní gígùn. Ẹni tó sùn sí àríwá lè lọ jẹ ẹja lọ́sàn-án ní gúúsù kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kírétè gùn tó 260, ìyẹn bíi kéèyàn ti Èkó lọ sí Ìbàdàn kó tún padà, orí òkè àti kọ́nà-kọ́nà ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀. Sísílì ló tóbi jù lọ ní gbogbo Òkun Mẹditaréníà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fi ojú Malta wo Kírétè. Wọ́n á gba yàrá sí Heraklion torí pé bàálù olówó pọ́ọ́kú ibẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n á wá ṣàkíyèsí pé etíkun Elafonissi tí wọ́n torí ẹ̀ wá wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn pátápátá. Láti Heraklion dé Chania, nǹkan bíi kìlómítà 140, bọ́ọ̀sì á gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Láti Chania sí Elafonissi, kìlómítà 75 mìíràn ni lójú ọ̀nà tóóró, wákàtí kan ààbọ̀ tún lọ. Inú mọ́tò ni ọjọ́ náà máa parí sí.

Ẹ yan apá kan kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀. Ní Kírétè, Chania ni fún òkun, Heraklion fún ààfin àtijọ́; ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́wàá lè balẹ̀ sí ọ̀kan kó gbéra láti èkejì, àmọ́ kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tí wọn ò dá padà síbi tí wọ́n ti gbé e. Ní Sísílì, Catania ní ìlà-oòrùn lẹ ti máa rí Etna, òkè ayọnáyèéfín, Taormina, Siracusa àti Noto. Palermo ní ìwọ̀-oòrùn lẹ ti máa rí Monreale, Cefalù, Trapani àti San Vito Lo Capo. Nǹkan bíi kìlómítà 200 ló wà láàárín Catania àti Palermo, bọ́ọ̀sì sì sábà máa ń yá ju reluwé lọ lójú ọ̀nà yẹn.

Malta kò fẹ́ irú ìṣirò báyẹn. Valletta ni ojúkò bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni ọ̀nà pọ̀ jù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì bó bá ń bọ̀. Bí ẹ ò bá nawọ́, ó máa kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó ti kún ó máa kọjá náà, pàápàá èyí tó ń lọ sí Ċirkewwa àti Golden Bay láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ jáde ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Láti Ċirkewwa, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn lọ sí Mġarr ní Gozo láàárín ìṣẹ́jú 25. Wọn kì í gba owó ní àlọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lẹ máa san án, nítorí náà ẹ má dààmú pé ẹ ò rí ẹni gba owó lọ́wọ́ yín.

Òkun àti yanrìn

Níbí, ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa: Malta ló gbẹ̀yìn. Àpáta ló pọ̀ jù létí òkun rẹ̀. Ní Sliema, orí òkúta pẹlẹbẹ làwọn èèyàn ń tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí, àkàbà irin ni wọ́n sì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó jìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ omi wẹ̀ máa gbádùn ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó lọ sí Mellieħa, ibi tí yanrìn wà tí omi kò sì ju orúnkún lọ títí tẹ́ ẹ fi rìn jìnnà. Golden Bay àti Għajn Tuffieħa náà ní yanrìn, àmọ́ àtẹ̀gùn tó tó igba lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí èkejì, ẹ ó sì gun un padà nínú oòrùn. Ramla l-Ħamra ní Gozo ní yanrìn pupa tó dà bí ilẹ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn òjò.

Blue Lagoon ní Comino ni gbogbo fọ́tò Malta. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kéré, kò sí ìbòòji, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ló sì ń já èrò sílẹ̀ láàárọ̀. Láti ọdún 2025 ni wọ́n ti ní kí èèyàn gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ, ọ̀fẹ́ ni. Àyè àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ mú; àárín ọ̀sán kì í ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn omi.

Kírétè ló ni ìpín yìí. Elafonissi ní yanrìn tó ń dán bíi róòsì létí omi, nítorí pé ìkarawun wẹ́wẹ́ àwọn ẹ̀dá inú òkun tí ojú lásán kò rí dáadáa ló lọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ náà hàn jù níbi tí omi ti rin yanrìn. Ẹni tó bá dúró sí apá ibi tó gbẹ á máa wò ó pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. A kì í bu yanrìn náà dání lọ sílé, òfin wà lórí ẹ̀. Omi ibẹ̀ kò jìn, ọmọdé lè ṣeré níbẹ̀.

Etíkun Balos yàtọ̀. Ọ̀nà méjì ló dé ibẹ̀: ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Kissamos, tàbí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó tó kìlómítà 8 pẹ̀lú mọ́tò. Ohun tí àwọn tó ń háyà mọ́tò kì í kà nínú ìwé ni pé ọ̀pọ̀ ìbánigbófò kò kan táyà àti abẹ́ mọ́tò lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Òkúta kan ṣoṣo tó bá lu abẹ́ ẹ̀ ló máa jẹ owó gbogbo ìsinmi yín. Bẹ́ ẹ bá tún wakọ̀ débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ máa páàkì sí, ẹ ó fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìgòkè àbọ̀ ló sì ń pa èèyàn. Àwa á ní kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Afẹ́fẹ́ ni ohun tí a ò gbọ́dọ̀ fojú rénà níbẹ̀. Meltemi lorúkọ rẹ̀, láti àríwá ló ti ń fẹ́ wá, oṣù Keje àti Kẹjọ ló sì le jù. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá, oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, síbẹ̀ etíkun àríwá á máa ru gùdù. Bẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ má wọ omi, bó ti wù kí àwọn mìíràn máa lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba gúúsù lọ, sí Sougia, Paleochora tàbí Loutro, níbi tí òkè ti ń dí afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́. Ọ̀nà mọ́tò kò tilẹ̀ dé Loutro, ọkọ̀ ojú omi tàbí ẹsẹ̀ ló ń gbéni débẹ̀.

Ti Sísílì wà láàárín àwọn méjèèjì. San Vito Lo Capo àti Mondello ní yanrìn funfun àti omi tí kò jìn. Etíkun Cefalù wà lẹ́sẹ̀ ìlú gan-an, reluwé láti Palermo á gbé yín dé ibẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ní agbègbè Catania, òkúta dúdú tí Etna pọ̀ jáde ló pọ̀ jù. Isola Bella ní Taormina, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ẹ mú bàtà omi dání. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé apá púpọ̀ nínú etíkun Ítálì jẹ́ lido: ẹ ó sanwó àga àti agboòrùn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ spiaggia libera sí, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ẹnu

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kìlọ̀: kò síbi tí ata ti ta nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì ronú àtigbé kílíṣí, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà dání, yálà láti Nàìjíríà tàbí láti Ìlú Ọba: òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Sísílì ni olórí níbi oúnjẹ, àárín ìgboro sì ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́, ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọ ilé oúnjẹ olówó ńlá. Ní ọjà Ballarò ní Palermo, ẹ ó rí panelle: ìyẹ̀fun ẹ̀wà chickpea tí wọ́n rò, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n gé, tí wọ́n wá dín nínú òróró gbígbóná, tí wọ́n sì kì bọ inú búrẹ́dì. Ẹni tó bá ti jẹ búrẹ́dì àti àkàrà láàárọ̀ rí kò nílò àlàyé mọ́. Wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ẹ má sọ pé ẹ ò fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí pani ca meusa, ẹran inú màlúù tó ní fùkù nínú, tí wọ́n sè tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in; ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in, kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tètè mọ̀. Ara cannolo pàápàá, ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n rọ wàràkàṣì dídùn sínú ẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń lò níbi tí wọ́n bá ti ṣe é bí ti àtijọ́. Ẹ béèrè bóyá strutto, ìyẹn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, wà nínú ẹ̀, wọ́n á sọ òótọ́. Ballarò yìí kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ dáadáa, bí ìrẹsì tilé bá ń ṣe yín.

Bọ́ọ̀lù ìrẹsì dídín ni ìjà ìlú: ní Palermo, róbótó ni, arancina lorúkọ rẹ̀, bí orúkọ obìnrin, ní Catania, ó ṣóńṣó lórí bí òkè Etna, arancino ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣe dá sí ìjà yẹn. Ẹ kàn rí i pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná lẹ rà, nítorí èyí tó ti jókòó sínú díńgí láti àárọ̀ á ti gan, òróró á sì ti ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ní ìlà-oòrùn, granita àti búrẹ́dì brioche ni oúnjẹ: yìnyín lílọ̀ tí wọ́n fi álímọ́ńdì, kọfí tàbí pistachio pò. Nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó sílé oúnjẹ, ẹ ó rí coperto nínú owó yín, yúrò kan tàbí méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó àyè ìjókòó ni, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Kírétè tẹ̀ lé e, ọ̀nà tó yàtọ̀ ló sì gbà dùn. Òróró ólífì ni ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan. Dakos ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá: búrẹ́dì ọkà báálì tí wọ́n yan títí tó fi le bí òkúta, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á rin tòmátò tútù lé e lórí, wàràkàṣì mizithra á tẹ̀ lé e, òróró á sì ṣàn sí i. Ẹni tó bá bu ú jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè fi eyín ṣeré. Ẹ jẹ́ kí omi tòmátò rìn wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Chochlioi boubouristi ni wọ́n ń pè é. Ìgbín wọn kéré, bí orí àtàǹpàkò, ìkarawun rẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀. Wọ́n á da iyọ̀ sínú páànù gbígbóná, wọ́n á da ojú ìgbín náà bolẹ̀ sórí iyọ̀ yẹn, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń ta páú-páú, lẹ́yìn náà ni òróró ólífì, ewé rosemary àti ọtí kíkan á wọlé. Igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ta eyín lẹ ó fi yọ ọ́. Ẹni tó ń retí ìgbín ńlá tó ń lọ́ láàárín eyín máa ní ìjákulẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ àwo yẹn, ẹ fi búrẹ́dì nù ún. Àwo oúnjẹ wọn máa ń tóbi, ti ẹni méjì lè tó ẹni mẹ́ta. Lópin ẹ̀, èso tàbí ohun dídùn àti ọtí raki lè dé láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ọ̀fẹ́ ni. Raki yẹn lágbára bí ògógóró wa, ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún.

Malta kò gbẹ́yìn nínú ìpápánu. Pastizzi, ìyẹ̀fun àlẹ́pọ̀ tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n ki wàràkàṣì ricotta tàbí ẹ̀wà píìsì sínú ẹ̀, kì í wọ́n rárá, méjì tàbí mẹ́ta sì tó ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ehoro sísè, tí wọ́n ń pè ní fenek, ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn. Bẹ́ ẹ bá lọ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, ẹ béèrè ẹja lampuki, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú ni ọjà ẹja Marsaxlokk, ẹ dé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ẹ sì tẹ́tí sí èdè wọn. Láti inú Lárúbáwá ni èdè Malta ti ṣẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ wọn. Il-Ħamis ni wọ́n ń pe Ọjọ́bọ̀, Àlàmísì tiwa nìyẹn. Il-Ġimgħa ni Jímọ̀. Basla ni àlùbọ́sà.

Ohun tójú fẹ́ rí

Bó bá jẹ́ ká pín ohun àtijọ́ sórí kìlómítà ilẹ̀ ni, Malta ló borí. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn Valletta, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1566, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn Tọ́kì sàga tì wọ́n. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St John's ni àwòrán bíbẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi tí Caravaggio yà ní 1608 wà. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin tó wọ bàtà gogoro onígìísẹ̀ ṣóńṣó wọlé, nítorí pé òkúta ibojì tí wọ́n fi mábù ṣe ni gbogbo ilẹ̀ ẹ̀, ó ń dá a lójú. Ẹ fi nǹkan bo èjìká pẹ̀lú.

Èyí tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ ni Hypogeum ti Ħal Saflieni, ibi ìsìnkú abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni 80 péré ló ń wọlé lójúmọ́, mẹ́wàá-mẹ́wàá, torí pé èémí èèyàn ń ba àwòrán pupa ara ògiri jẹ́. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni kẹ́ ẹ ti wo ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀, nígbà mìíràn oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kì í wọ ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pàdánù ẹ̀, tẹ́ḿpìlì Ġgantija ní Gozo àti Ħaġar Qim wà lójú ayé, wọ́n ti wà kí wọ́n tó kọ́ àwọn pírámíìdì Íjíbítì, kò sì sí wàhálà àyè. Ẹ má wá Azure Window, àpáta tó ní ojú bíi fèrèsé létí òkun Gozo, o; ó wó sínú òkun ní oṣù Kẹta 2017, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń fi fọ́tò rẹ̀ polówó.

Knossos, ààfin àtijọ́ ní Kírétè, jẹ́ ibi tó ń da èèyàn rú bí wọn ò bá kọ́kọ́ ṣàlàyé. Arthur Evans tó bẹ̀rẹ̀ sí wú u jáde ní 1900 fi kọnkéré tún apá kan kọ́, ó sì kun àwọn òpó ní pupa. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn Mínóà, àwọn ará Kírétè àtijọ́, ní apá kan, ti Evans ní apá kejì. Àwòrán ara ògiri tó wà níbẹ̀, ẹ̀dà ni. Ojúlówó wà nínú mùsíọ́mù ní Heraklion, kìlómítà 5 péré síbẹ̀. Ẹ lọ sí ààfin ní aago mẹ́jọ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀sán gbígbóná sínú mùsíọ́mù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀, kó rin Samaria. Àfonífojì tóóró ni, láti Xyloskalo ní Omalos tó ga tó mítà 1,200 dé Agia Roumeli létí òkun, kìlómítà 16 lápapọ̀, wákàtí mẹ́rin sí méje. Àtẹ̀gùn ìsọ̀kalẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni orúnkún ti ń bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kẹ́ ẹ wọ̀, sálúbàtà kò lè gbé yín dé ìparí. Omi ìsun wà lójú ọ̀nà, ìgò kan tó, ẹ kàn máa bu sí i. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbà á wò ní ìjáde láti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kù sínú. Ìṣòro tó tóbi jù ni pé kò sí ọ̀nà mọ́tò ní Agia Roumeli. Ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé èrò lọ sí Sougia tàbí Chora Sfakion, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín padà sí Chania. Ẹni tó páàkì mọ́tò sí Omalos ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wàhálà. Láti oṣù Karùn-ún sí ìparí oṣù Kẹwàá ló ń ṣí, wọ́n sì lè tì í láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an bí òjò tàbí ooru bá pọ̀ jù.

Sísílì ní tẹ́ḿpìlì Gíríìkì tó dúró dáadáa: ti Concordia ní Agrigento ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún àti irínwó. Ní Siracusa, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Ortigia, ìgboro àtijọ́ ìlú náà, kẹ́ ẹ wo ògiri: òpó tẹ́ḿpìlì Athena ni wọ́n mọ bíríkì sí àárín wọn, tó wá di ilé Ọlọ́run mìíràn. Fún àwọn tó mọ São Benedito ní Brazil, Sísílì ni ẹni mímọ́ dúdú náà ti wá: ọmọ ẹrú ará Áfíríkà ni, San Fratello ni wọ́n bí i sí, ó sì wà lára àwọn alágbàtọ́ ìlú Palermo.

Mọ́tò, ìwé àti àsìkò

Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlú Ọba ni wíwakọ̀ Malta rọ̀ lọ́rùn, ọwọ́ òsì ni. Ẹni tó ń ti ilé bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún Kírétè àti Sísílì ló mọ̀. Lísẹ́ǹsì Nàìjíríà nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé pẹ̀lú ẹ̀, ilé lẹ sì ti máa gbà á kẹ́ ẹ tó gbéra. Ní Sísílì, ẹ ṣọ́ra fún àmì ZTL lẹ́nu àwọn ìgboro àtijọ́, ìyẹn ibi tí mọ́tò tí kò gba àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Kámẹ́rà ló ń mú èèyàn níbẹ̀, ìwé owó ìtanràn máa ń dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹni tó háyà mọ́tò fún yín á sì ti yọ owó iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ reluwé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bébà, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ kó tó wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á bu owó lé e. Ní Kírétè, àwọn awakọ̀ máa ń fà sí etí títì kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè kọjá; ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ẹ má ṣe é ní kọ́nà. Ẹ má sì da bébà ìnùdí sínú ṣáláńgá olómi wọn. Páìpù wọn tóóró, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Físà Schengen kan náà ló wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: yúrò 90 fún àgbàlagbà, ìbánigbófò ìlera tí kò dín ní yúrò 30,000, kí ẹ sì fi ìwé sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa pẹ́ jù lẹ máa kọ̀wé sí. Ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba ṣùgbọ́n tó ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣì nílò físà yìí, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ oṣù mẹ́ta kù lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde. Ní Gíríìsì, ẹ fi owó ìjọba kún owó òtẹ́ẹ̀lì: láti oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, òtẹ́ẹ̀lì onírawọ̀ mẹ́rin ń gba yúrò 10 lórí yàrá lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, orí káńtà lẹ ti máa san án, kì í sí nínú iye tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ti padà. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ tí August 15 bá bọ́ sí ní Sísílì. Gbogbo Ítálì ló ń sinmi, yàrá á wọ́n, ṣọ́ọ̀bù tó yẹ kó ṣí á tì. Láti oṣù Kọkànlá, ọ̀pọ̀ ìlú etíkun Kírétè á ti ilẹ̀kùn pa. Malta kì í tì, nítorí náà òun lẹ máa mú bó bá jẹ́ ìgbà Kérésìmesì nìkan lẹ ráyè.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá pín sí méjì lè so Malta pọ̀ mọ́ Sísílì. Ọkọ̀ ojú omi ayára kan ń ti Valletta lọ sí Pozzallo láàárín wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Pozzallo jìnnà sí Catania, nítorí náà ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání bó tilẹ̀ jẹ́ Schengen sí Schengen ni. Nígbà òtútù, ìgbì ibẹ̀ ń mú kí èèyàn máa bì: ẹ jókòó sí àárín, lápá ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì ti lo oògùn èébì ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí.